Kànáfùrù Létí Páì

Ìyá wa gbé etí sún mọ́ ìkòkò, ó sì gbé ọwọ́ kan sókè kí gbogbo wa dákẹ́. Ẹyín iná ń pọ́n lábẹ́ ìkòkò náà nínú kóòpọ́ọ̀tù, ìyẹn àdògán onírin tí a fi ń dáná èédú ní Accra, ẹyín iná mìíràn sì ń pọ́n lórí ìdérí rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bo oòrùn ìrọ̀lẹ́ débi pé ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn láì ṣẹ́jú. Òórùn kànáfùrù àti ti ṣúgà tó ń yọ́ ti gba gbogbo agboolé. Nínú ìkòkò, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan, bí ìgbà tí ọmọdé ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń súfèé.

"Ó ti ń mí," ni Ìyá wa wí. "Ẹ jẹ́ kó mí tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀."

Ìyá aránṣọ, ọmọ Ashanti tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àbáwọlé, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì rẹ̀. Èmi jókòó lórí àpótí níwájú gbogbo wọn, mo di àwo irin funfun mú lórí itan. N kò tíì pé ọmọ ọdún méje, ebi sì ń pa mí.

Ohun tó wà nínú ìkòkò náà ni páì alápù, oúnjẹ òyìnbó tí kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é ní gbogbo àdúgbò wa ní Madina. Lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún ni Ìyá wa ń yan án, nígbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ènìyàn ní ètè. Èmi ló sì máa ń kọ́kọ́ gé fún. Yóò jókòó síwájú mi, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, yóò máa wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Kì í wo ojú mi, ọwọ́ mi nìkan ló ń wò. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, á mí kanlẹ̀, á ní, "Alhamdulilahi. Kì í ṣe òun." Ìgbà náà ni yóò tó gé fún àwọn yòókù. Mo rò pé bí gbogbo àgbàlagbà ṣe ń pín oúnjẹ nìyẹn.

Kì í ṣe òun ló bí ìyá mi, kì í sì í ṣe òun ló bí bàbá mi. Yàrá rẹ̀ ló kàn kọjú sí tiwa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti àwọn òbí mi, irú àwọn Yorùbá tó ti pẹ́ ní Accra tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Alata. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abossey Okai, ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Makola, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ìyá wa ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Àwọn ará Ghana tó bá wa gbélé ń pè é ní Maame Alata. Ìyá wa ni gbogbo àwa tó kù ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀.

Obìnrin kúkurú ni, ó dúdú, ó sì máa ń fi kànáfùrù kan sábẹ́ ahọ́n nítorí eyín rẹ̀ tó ń dùn ún. Bó bá pè ọ́ sún mọ́ra, òórùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹnu rẹ̀ mú, ó ń bú ewúrẹ́ ní èdè Gã, ó ń ná ọjà ní Twi, ó sì ń gbàdúrà pẹ̀lú Yorùbá tó jinlẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì lójú ọ̀sán. Ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ eruku, ṣíṣí ló máa ń wà, àpótí kékeré kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà náà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá mi ní ìdí, ó ní, "Dìde. Ẹni tó ni ín ń bọ̀."

Iṣẹ́ páì náà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Òun àti ìyá mi á wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, lọ sí Makola láàárọ̀ láti ra ápù, wọn á sì mú mi dání. Àwọn ápù ìgbà yẹn ń ti South Africa wá nínú páálí, wọ́n sì máa ń dán bí ẹni fi òróró pa wọ́n. Ìyá wa kì í wo dídán. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ ìdí wọn, yóò gbóòórùn wọn, èyí tó bá le tó sì kan díẹ̀ ni yóò mú. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ débi pé inú á bí obìnrin tó ń tà á.

"Maame, wobɛtɔ anaa?" ni obìnrin náà á bi í ní Twi, bóyá ó fẹ́ rà á tàbí kò fẹ́.

"Sùúrù," ni Ìyá wa á dá a lóhùn ní Yorùbá, bí ẹni pé gbogbo ayé ló gbọ́ Yorùbá.

Tí a bá délé, yóò ki ọwọ́ bọ omi tútù kó tó fọwọ́ kan fúláwà, nítorí ó ní ọwọ́ gbígbóná máa ń bà á jẹ́. Yóò fi orí ìka fọ́ bọ́tà sínú fúláwà náà títí yóò fi rí bíi gàárì. Yóò wọ́n omi sí i díẹ̀, yóò fi ìgò tẹ́ ẹ, yóò sì fi bo inú àwo. Yóò bó ápù lọ́nà tí èèpo rẹ̀ kò fi ní já, yóò máa yí, yóò máa gùn sísàlẹ̀ títí dé ilẹ̀. Ṣúgà, omi ọsàn wẹ́wẹ́, kànáfùrù odindi tí a kò lọ̀. Bí mádáàmù òyìnbó tó kọ́ ọ ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì fi ohunkóhun kún un, kò yọ ohunkóhun kúrò. Yóò fi fúláwà bò ó lórí, yóò fi ọ̀bẹ lu ihò kan sí àárín, ihò yẹn ni páì náà ń gbà súfèé.

Kò ní ofúnnù. Ìkòkò ńlá kan ló ń lò, ó da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gbé àwo páì lé orí yanrìn náà. Irú ìkòkò tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó ti kú rọ ni. Bàbá mi ló bá a rà á wá lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ, ó sì máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí a bá ju kọ́kọ́rọ́ sínú ìkòkò yẹn, yóò ṣáná. Ìyá wa kì í rẹ́rìn-ín sí i. Mo gbọ́ tó sọ fún ìyá mi nígbà kan pé, "Ta ló mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn gan-an ló wà nínú rẹ̀." Ìyá mi kàn ń ṣa èèpo ápù nílẹ̀.

Ohun tó wà nídìí gbogbo èyí, ìgbà tí mo dàgbà ni ìyá mi tó sọ ọ́ fún mi. Nírọ̀lẹ́ tí mo ń sọ yìí, n kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá wa ti bímọ rí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ kú, ó wá ń se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó kan ní Cantonments, inú yàrá tó kọjú sí tiwa yìí náà ni òun àti ọmọ náà ń gbé. Ìgbà tó yá, ìjọba ìgbà náà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílùú wọn. Gbogbo Yorùbá ń sáré, wọ́n ń ta ẹrù sọnù, wọ́n ń fò mọ́ ọkọ̀. Ọjọ́ tó yẹ kí Ìyá wa lọ, àwọn òyìnbó rẹ̀ ní àlejò, mádáàmù sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yan páì kan sílẹ̀ kó tó máa lọ. Ó fa ọmọ lé obìnrin ará ìlú rẹ̀ kan lọ́wọ́ níbùdókọ̀. Ó ní, "Ẹ máa mú un lọ, ọkọ̀ tó bá tẹ̀ lé èyí ni n ó wọ̀." Nígbà tí páì jinná, tí òun náà sì dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ yẹn kò tíì dé. Kò dé rárá. Ó wá ọmọ náà ní Ṣakí, ó wá a ní Ìlọrin, ó wá a dé Kutonu. Nígbà tí ìlú rọ̀, ó padà sí Accra, ó sì tún gba yàrá rẹ̀ àtijọ́, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ nìkan ni ọmọ náà mọ̀.

Ọmọ náà ní bó ṣe máa ń jẹ páì. Bí ìyá rẹ̀ bá kó èyí tó ṣẹ́ kù bọ̀ láti ilé òyìnbó, yóò yọ kànáfùrù inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò lá a, yóò sì gún un mọ́ etí páì náà ní òòró, bí ẹni ń sọgbà. Ó ní kí ewúrẹ́ má baà wọlé.

Ìyá mi rọbí mi ní ọjọ́ tí páì wà lórí iná, nínú ọyẹ́. Wọ́n ní àmì dúdú kékeré kan wà lẹ́yìn etí mi òsì, irú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn etí ọmọ tó sọnù. Àwọn obìnrin agboolé sáré lọ bá Ìyá wa, wọ́n ní, "Ọmọ yín ti padà wá!" Inú bí i gidigidi. Ó ní, "Padà wá láti ibo? Ọmọ mi kò kú." Ó pẹ́ kó tó bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ létí, kò sì lè yọ ọ́ jáde. Bí mo bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ tó tún ayé wá, á jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ti kú lójú ọ̀nà. Bí n kò bá jẹ́ òun, ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbì kan. Ìdí tó fi ń bọ́ mi ní páì lọ́dọọdún nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tó fi ń wo ọwọ́ mi. Kò sọ ọ́ létí mi rí, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo agboolé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpótí mi. Páì mí tán. Ìyá wa fi ẹ̀mú kó ẹyín iná kúrò lórí ìdérí, ó gbé àwo jáde, ó gé e. Tèmi ń rú èéfín lórí itan mi. Mo fẹ́ ẹ, mo jẹ ẹ́, ó gbóná, ó dùn, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ta mí lórí ahọ́n. Mo yọ ọ́ jáde, kànáfùrù ni. Mo lá ṣúgà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo gún un mọ́ etí páì. Mo wá òmíràn, mo gún òun náà tì í. Ó dára lójú mi, ni mo bá ń bá a lọ.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Ìyá wa bi mí.

"Kí ewúrẹ́ má baà wọlé," ni mo sọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Ewúrẹ́ pọ̀ ní Madina, wọ́n ń wọ ibi gbogbo, ọmọ èyíkéyìí lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ ìyẹn fún ara mi, mo sì máa ń gbà á gbọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ìyá wa kò pariwo. Ó na ìka kan, ó fa kànáfùrù tó wà lẹ́yìn pátápátá yọ, ó wò ó, ó tún gún un padà sí ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi, ó sì pè mí ní orúkọ kan tí kì í ṣe tèmi. N kò ní kọ orúkọ náà síbí. N kò gbọ́ ọ rí títí di ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Mo ní, "Ìyá."

Ìyá mi fò dìde níbi tó wà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu mi, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ ẹ. Ẹ̀rù bà mí, mo bú sẹ́kún, páì mi sì bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n pe àlùfáà lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ka Kùránì fún ọmọ náà, Ìyá wa sì ṣe sàárà rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é fún ẹni tó ti kú. Àwọn ènìyàn ń kí i pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, wọ́n á wá bojú wo ẹ̀yìn, wọ́n á rí mi, ọ̀rọ̀ á sì há mọ́ wọn lẹ́nu, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ni kí wọ́n bá a kẹ́dùn tàbí oríire ni kí wọ́n bá a yọ̀. Ó gbé àpótí kékeré ẹnu ọ̀nà wọlé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Orúkọ yẹn ló sì ń pè mí láti ìgbà náà. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa, ọmọ mi ni o."

"Mo mọ̀," ni Ìyá wa dá a lóhùn. "Ìwọ lo bí i lẹ́ẹ̀kejì."

Ìyá mi fi mí sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sùn nínú yàrá rẹ̀ rí. Èmi ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń jẹ́ orúkọ méjì. Ìyá wa fẹ́ràn mi, n kò ní purọ́. Ó kọ́ mi ní páì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń bọ́ mi, ó ń dì mí nírun. Ṣùgbọ́n bó bá ń dì mí nírun, yóò máa bi mí ní ìbéèrè wẹ́wẹ́. Ṣé mo rántí aṣọ pupa yẹn? Ṣé mo rántí ibi tí kànga wà? Lọ́jọ́ kan mo ní, "Lẹ́yìn ilé ìwẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí mi. Wọ́n ti fi kankéré dí kànga náà pa kí wọ́n tó bí mi. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ ọ́ létí mi rí láìmọ̀, n kò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rù ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Nígbà tí mo bá dá wà, mo máa ń pe orúkọ mi gidi jẹ́jẹ́, kí n lè gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé títí mo fi dàgbà, tí mo wọ JSS. Ọyẹ́ tún dé, èmi ni mo yan páì lọ́dún yẹn, nítorí ọwọ́ Ìyá wa ti ń ro ó. Páì ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú ìkòkò. Ìyá wa ti lọ ṣe àlùwàlá ìrun Aláásárì. Ìyá mi tètè dé láti ọjà lọ́jọ́ náà, ó ń ká aṣọ.

Obìnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Ó ti lé ní ogójì ọdún, báàgì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ti funfun fún eruku. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé imú sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ dákun," ló wí ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn àwọn tó ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé wá, "ta ló ń yan nǹkan yẹn?"

Kí n tó la ẹnu, Ìyá wa ti yí igun ilé, búútà àlùwàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ojú kan náà ni wọ́n ní, àfi pé ọ̀kan ti hunjọ. Obìnrin náà ní, "Ìyá!" Búútà bọ́ lọ́wọ́ Ìyá wa. Ó ní, "Aúsù bílàhì!" Ó fi ẹ̀yìn rìn wọ yàrá rẹ̀, a sì gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí.

"Ẹ má dá a lóhùn o!" ló ń kígbe láti inú ilé. "Mo ti ṣe sàárà rẹ̀! Ọmọ mi kú, ó sì ti padà wá, òun ló dúró tì yín yẹn. Àkúdàáyà lèyí!"

Kò sí Yorùbá tí kò mọ ìtumọ̀ àkúdàáyà, ẹni tó ti kú ní ìlú kan, tí wọ́n tún rí níbòmíràn tó ń rìn láàárín àwọn alààyè. Ìyá mi fà mí sẹ́yìn. Àwọn ọmọdé sá wọlé. Ìyá aránṣọ nìkan ni kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń ké ní Twi pé, "Maame Alata, bue pon no!" kó ṣílẹ̀kùn. Ìyá wa kò ṣí i.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Ó ń wá ẹni tí yóò wo òun lójú, èmi nìkan ló rí.

"Èmi náà ò mọ̀ bóyá alààyè ni mo rí," ló sọ fún mi. "Wọ́n ní ìyá mi ti kú. Ọkọ̀ wa dẹnu kọlẹ̀ ní Dàhòmì, obìnrin tó mú mi dání kò sì lọ mọ́, Parakou ló jókòó sí. Kò bímọ. Ó ní ìyá mi ti kú nínú wàhálà, pé òun ni ìyá mi báyìí. Ìgbà tí àìsàn fẹ́ pa á lọ́dún yìí ló tó jẹ́wọ́ pé irọ́ ni, pé Madina ní Accra ni òun ti gbà mí."

Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, ká sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn wà tó ju ìyẹn lọ. Bí obìnrin yìí bá jẹ́ alààyè, kí wá ni èmi jẹ́?

Òórùn páì tó fẹ́ jóná ló jí mi. Mo kó ẹyín iná kúrò, mo gbé e jáde, mo gé e. N kò ní sọ pé ọgbọ́n ni mo lò. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé bí páì bá ti jinná, ẹnì kan wà tí a máa ń kọ́kọ́ gé fún, a ó sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé àwo irin funfun náà fún un.

Ó jẹ ẹ́ díẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Nígbà tó kan kànáfùrù, ó yọ ọ́ jáde, ó lá a, ó sì gún un mọ́ etí páì. Ó wá òmíràn. Kò wo ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló ń dá a ṣe. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń ké "Bísímílàhì" lẹ́yìn mi.

Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ wo àwo yìí."

Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó ṣí i díẹ̀, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ. Ó wo ọgbà kànáfùrù náà.

"Ìwọ lo jẹ ẹ́?"

"Rárá, Ìyá. Òun ni."

Ó jáde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà nínú eruku, ó ká gèlè rẹ̀ sókè, ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀ òsì. Igbe tó ké lẹ́yìn náà, n kò tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Obìnrin náà ń jẹ́ orúkọ yẹn, ó jẹ́ ẹ bí ẹni tó ni ín. Gbogbo agboolé ń sunkún, ìyá aránṣọ ń jó. Inú mi dùn fún Ìyá wa.

Láti èjìká ọmọ rẹ̀ ló ti gbé ojú sókè tó rí mi. Mo ṣì di àwo náà mú. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ wá ta ni?" ló bi mí.

Kò tún bi mí mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí, ó máa ń pè é díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí lára, ó sì tù mí lára, ṣùgbọ́n mo jowú pẹ̀lú. Mo sọkún rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ìyá wa gbé ọ̀pọ̀ ọyẹ́ mìíràn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ tún wà ní ṣíṣí, ọmọ náà ń jókòó lórí àpótí kékeré ẹnu ọ̀nà. Ìyá wa kú nínú oorun rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló wé e láṣọ funfun.

Mo ti wà nílé ara mi báyìí, ofúnnù onígáàsì ni mo ní, síbẹ̀ mo máa ń gbé etí sún mọ́ ọn. Tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn láàárín Makola, orí mi á ti yí kí n tó kó ara mi níjàánu. Mo ṣì máa ń gún kànáfùrù mọ́ etí páì. Ibi tí mo ti kọ́ ọ, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní, n kò sì tún wádìí rẹ̀ mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé ikú Ìyá wa ni mo bí ọmọbìnrin mi. Àwọn obìnrin ti ń sọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e fún mi pé ìyá ti tún dé. Mo ní rárá. Mo fún un ní orúkọ tí ẹnì kankan nínú agboolé wa kò jẹ́ rí. Lọ́yẹ́ tó kọjá, mo gé páì fún un, mo sì yí padà láti bu omi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti fi kànáfùrù sọgbà yí páì rẹ̀ ká, ó sì ń wò mí. N kò sọ nǹkan kan létí rẹ̀ rí, èmi fúnra mi kì í jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀.

Orúkọ yẹn dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo jókòó síwájú ọmọ mi, mo wo ojú rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀, mo sì pe orúkọ tirẹ̀ gan-an, mo fi oríkì rẹ̀ kún un. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná, bí ẹni ń wo bóyá ẹlòmíràn ni mò ń pè. Mo tún un pè. Ó ní, "Màmá." Mo sọ fún un pé kó máa jẹun rẹ̀.